Ìgbín Ńlá Tí Wọ́n Fi Pa Mí ní Peckham

Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ní kí n fi sùúrù sọ ọ́. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, bọ́ọ̀sì ló ń wà, ṣùgbọ́n inú fíìmù ni ọkàn rẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà ti rí irú fíìmù tí ẹranko ńlá kan máa ń ti inú òkun jáde, tí á máa fi ẹsẹ̀ wó ilé gogoro, tí àwọn òyìnbó á máa sá kiri. Irú ẹ̀ lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Tiwọn, ìgbín ni. Ìgbín tó tóbi ju ṣọ́ọ̀bù lọ, tó jáde látinú adágún omi Peckham Rye ní London níbí, tó fẹ́ jẹ gbogbo ilé títí dé East Dulwich. Ìbora òtútù mi ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù sófà tí aládùúgbò gbé jù síta, àti ọ̀rá dúdú tí a fi ń kó ìdọ̀tí. Àwọn géńdé ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ń rákò.

Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn á ké, wọ́n á sá, wọ́n á sá títí, wọ́n á jókòó jẹun, ìgbín ò tíì dé. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ìyá tí ò sá. Mo dúró níwájú ìsọ̀ kan ní Rye Lane, mò ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà.

"Mọ́mì, ẹ má wẹ̀yìn o! Ẹ máa ná an lọ!"

"Ìgbà wo ló máa dé ná? Orúnkún ń ro mí."

"Ó ń bọ̀, Mọ́mì. Ìgbín ni."

Ìgbín dé, ó jókòó lé mi lórí. Wọ́n fà mí jáde lábẹ́ ẹ̀, wọ́n fún mi ní tíì. Mo rò pé ó parí.

Èmi ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣòkú mi nínú fíìmù náà. Wọ́n lọ tẹ pósítà òkú, wọ́n fi àwòrán mi gidi sí i, èyí tí mo yà lọ́jọ́ iléyá. Wọ́n fi orúkọ mi gidi sí i, ọjọ́ orí mi gidi, orúkọ ìlú wa. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ya ohun tí wọ́n fẹ́ yà, wọ́n kó kámẹ́rà wọn lọ. Wọn ò yọ ọ́. Ṣé ẹ gbọ́? Wọn ò yọ ọ́!

Ta ló máa rí irú ẹ̀ nínú wa tí á ní ẹ̀fẹ̀ ni? Obìnrin ìlú wa kan tó wá ra iṣu rí i, ó bú sẹ́kún, ó fi fóònù yà á, ó fi ránṣẹ́ sílé. Kó tó di ọ̀sán, mo ti kú ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀. Àwa méjì la kù nínú ọmọ ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a fínra. Nílé wa, wọn kì í dédé sọ fún àgbàlagbà pé àbúrò ẹ̀ kú. Wọ́n á kọ́kọ́ gba fóònù ẹ̀. Àwọn èèyàn á máa wá kí i láìnídìí, wọ́n á máa bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ò gọ̀. Bí wọ́n ṣe gba fóònù báyìí, ó ní, "Ta ló kú?"

Wọ́n pè mí. Fóònù mi ti já sínú omi tí mo fi ń fọ abọ́, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Wọ́n pe ọmọ mi, wọ́n pè é, wọ́n pè é. Ó rí i pé àwọn ará ilé ni, ó ní òun ń gé fíìmù, kò gbé e! Àìgbé-e ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ní ọmọ ń ṣọ̀fọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá pe àwọn ààfáà, wọ́n ṣe fídáù fún mi, wọ́n pa àgbò, wọ́n jẹ sàráà mi, wọ́n nu ẹnu. Èmi wà ní Peckham, mò ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ìgbà tí fóònù mi dé, mo fi fídíò pe ẹ̀gbọ́n mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọmọ tó gbé e ké, ó jù ú nù. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e padà, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìborùn bo ojú.

"Ẹ gbé e kúrò. Mo ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ẹ̀rọ mú òkú sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Mi ò kú."

"Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi sinmi!"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo sọ bí ìyá wa ṣe máa ń wọ́n omi sí wa lára kí a lè jí kírun, tí ẹ̀gbọ́n mi á fà mí sábẹ́ aṣọ tiẹ̀ kí omi má baà bà mí. Ó rọra ṣí ojú kan. Ẹkún tó wá sun, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo sọ ti fíìmù náà fún un. Ó ní, "Kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó bá fi rẹ́rìn-ín, èmi ló fi ń rẹ́rìn-ín."

Mo ní kí ọmọ mi yọ ibi òkú yẹn kúrò nínú fíìmù.

"Mọ́mì, ibẹ̀ ló ń pani lẹ́rìn-ín jù. Sátidé yìí la fẹ́ fi hàn."

"Ẹ̀gbọ́n mi ti sunkún mi, ìwọ ń sọ ti ẹ̀rín?"

"Ẹ̀fẹ̀ ni, Mọ́mì. Ẹ ò ṣáà kú."

Ẹ ò ṣáà kú! Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo fi fóònù mọ́ ọn létí. "Ó yá, sọ fún un pé ẹ̀fẹ̀ ni."

Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un. Mo kàn rí i tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ìyá náà ń rí i. Ó yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fi fíìmù náà hàn, ìgbín jókòó lé mi lórí, bí wọ́n ṣe ti yọ ibi òkú, lójijì ìgbín ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan kígbe nínú gbọ̀ngàn pé, "Ìyá yẹn ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú wò mí. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí báyìí. Kì í kí mi mọ́. Ó máa ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn?" Mo máa ní èmi ni. Á ní kí n tún un sọ.