Ẹni Tó Bu Ọtí Ló Ni Ìsàlẹ̀ Ìkòkò

Inú àgbàdo ni wọ́n ti ń mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó máa dára. Ojú àti ọwọ́ ni mo fi kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi. A ó rẹ àgbàdo sómi, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó tún fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Bí èéhù rẹ̀ bá kúrú jù, ọtí náà kò ní dùn. Bí ó bá gùn ju èékánná àtàńpàkò lọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé, kíkan ni yóò kan. Láàárọ̀, mo máa ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé náà. Bí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abíyá ọmọ tuntun, mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀.

Ilé ọtí kan ní Ìtòkú ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí nígbà ọ̀dọ́ mi. Bàbá tó ni ilé ló ń pín ọjọ́ fún wa. Èmi àti ìyá àgbà kan la ń mú àgbàdo hù, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a ń sè é. Lọ́jọ́ tí kò sí ọjà, àwa náà la ń bu ọtí fún àwọn tó bá yà, ṣùgbọ́n omi kejì ni, èyí tí a tún fi se èérí àgbàdo kan náà, ó fúyẹ́. Àkọ́sè, ọtí tó le, ń dúró de ọjọ́ ọjà. Bí àwọn ará Wásinmi àti Kọ́bapẹ́ bá ti kún ojúde, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, ọkùnrin méjì, ni yóò di igbá mú. Àwa obìnrin á wà lẹ́yìnkùlé, nídìí èéfín.

Èéfín kọ́ ló ń dùn mí. Àṣà ilé náà ni pé ẹni tó bá bu ọtí lọ́jọ́ ọjà ló ni ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àkọ́sè yìí ló ń mú ọtí tuntun ru. Ẹni tó bá ń rí i gbà lọ́jọọjọ́ ọjà lè ní ìkòkò tirẹ̀ nílé. Ti omi kejì kò lágbára, mo ti dán an wò. Ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ọkùnrin yẹn ń da tiwọn fún.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà bu ọtí lọ́jọ́ ọjà kan.”

“Ìwọ? Ta ni yóò mọ ìgbà tí o wà lẹ́nu nǹkan oṣù rẹ?”

“Èmi náà ni mo sè é, bàbá.”

“Síse yàtọ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó èéfín, padà sílé ọkọ rẹ.” Ìyá àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín, títí ikọ́ fi gbé e.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Àwọn ọkùnrin lọ síbi odi, àwọn méjèèjì bá wọn lọ. Bàbá na igbá sí mi bí ẹni pé èmi ló ti ń gbà á látijọ́. Kò béèrè nǹkan oṣù. Mo bu ọtí lọ́jọ́ ọjà, mo sì gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ relé. Ìkòkò mi ru, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò lórí ewé. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá ra ọtí lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀kan péré ló padà láti ojú ogun, ó ń tiro. Bàbá gba igbá lọ́wọ́ mi lójú àwọn oníbàárà.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa pín in. Òun lọ́jọ́ ọjà kan, èmi lọ́jọ́ kejì.”

“Ẹni tó lọ jagun ni kí n ní kó lọ jókòó ti èéfín?”

Àbúrò ọkùnrin náà tó kú sójú ogun wà láàárín wa. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan.

“Ẹni tó bu ọtí ló ni ín.”

Ọkùnrin náà kò wò mí. Ó tẹ igbá bọ ìkòkò, ó sì ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sókè, títí di ọjọ́ yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń ti bù ú.

Ìkòkò kékeré kì í pẹ́ kan bí kò bá rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun. Tèmi kan kí ọjọ́ ọjà kejì tó pé. Mo tọ́ ọ wò, mo tu ú dànù, mo sì da ìyókù sẹ́yìn ilé. Nígbà tí àwọn aládùúgbò dé, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé ọtí. Ọtí tí mo sè náà ni wọ́n máa bá níbẹ̀, ọkùnrin ni yóò bù ú fún wọn.