Iyanrìn Kò Lẹ̀ Mọ́ Àyà Rẹ̀

Òkú ni wọ́n fi ṣe afinimọ̀nà wa, wọ́n mọ̀ pé ó ti kú, wọn kò sì tíì sọ fún ìyá tó bí i.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ bí èèyàn bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní Ìlobù. N kì í mutí. Mo jẹun kí n tó jáde lọ́jọ́ náà. Kì í sì í ṣe òru o. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó wa lórí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Àwa olùkọ́ méjìlélógún láti Ìlobù àti Ìfọ́n la jọ máa ń fẹsẹ̀ rìn ní Sátidé ìparí oṣù. A ti gun òkè, a ti la oko já, ó wá ku òkun. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni mò ń ṣètò. Mo lọ bá ilé-iṣẹ́ kan ní Òṣogbo tó ń mú èèyàn rìnrìn àjò afẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ ibì kan ní apá Ìlàjẹ tí mọ́tò kò lè dé. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé wa dé orí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì. A ó fẹsẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ yóò sì wá kó wa níbẹ̀ ní aago mẹ́rin.

Wọ́n fún mi ní ìwé ètò, ojú ewé kan péré. *Aago méjìlá: ìrìn bẹ̀rẹ̀. Aago méjì: oúnjẹ lábẹ́ igi àgbọn. Afinimọ̀nà: Kúnlé, yóò máa dúró dè yín létí omi.*

Mo bi mánìjà wọn ní ìbéèrè méjì, mo sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ṣé òkun kì í kún bo ọ̀nà náà? "Rárá o, mà." Ṣé Kúnlé yìí mọ ibẹ̀ dáadáa? "Há, Kúnlé! Ta ló mọ ibẹ̀ bíi tiẹ̀, mà?" Ó sì fi ẹ̀rín sí i. Ẹ bá mi rántí ẹ̀rín yẹn.

Mo ní mi ò ní kó èèyàn méjìlélógún lọ síbi tí ẹsẹ̀ mi ò tíì tẹ̀ rí. Bí èmi àti Délé ṣe kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ nìyẹn. Délé ń kọ́ni ní ìṣirò, ọmọ Ìfọ́n ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì ya òkun sí pátákó lọ́dọọdún, ẹ ò mà tíì wẹ ẹsẹ̀ nínú ẹ̀ rí," ló wí nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Ìwọ ńkọ́? Òkun wo ló wà ní Ìfọ́n?"

"Èmi ò kúkú pe ara mi ní tíṣà jọ́gíráfì, mà."

Bàbá ọlọ́kọ̀ tó gbé wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó já wa sílẹ̀, ó ní òun á máa dúró dè wá ní òpin ilẹ̀ náà, ó yí ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ ti lọ jìnnà kí n tó rí ọmọkùnrin náà. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ilé-iṣẹ́ náà ló wọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé itan.

Mo ní, "Kúnlé, àbí? Ìlobù la ti wá."

Ojú rẹ̀ tàn. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn tútù yẹn, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọmọ Ẹ̀rìn tó wà nítòsí yín ni mí."

Ó dìde.

Iyanrìn kò lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Èmi àti Délé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, iyanrìn ti bò wá dé kókósẹ̀. Mo wo ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ẹyẹ kò tilẹ̀ bà síbẹ̀ rí.

Mo rí i o. Mo rí i, mo sì gbójú kúrò. Mo sọ fún ara mi pé ó ti mọ́ ọn lára ni. Ìwé ni mo kà tí mo fi ń ronú bẹ́ẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Apá òkun ló ń gbà ní gbogbo ìgbà, ó fi ara rẹ̀ sáàárín àwa àti omi. Mo fún un lómi mímu, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," kò gbà á. Wákàtí kan kọjá nínú oòrùn yẹn, omi ṣì ń kán láti ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di aago méjì, a dé ibi igi àgbọn. Ibẹ̀ tutù, ó dára. Délé ti ń tú àpò oúnjẹ.

"Ẹ má jókòó," ni Kúnlé wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́.

Mo ní, "Ó wà nínú ètò. Aago méjì, oúnjẹ."

"Ìwé yẹn ò mọ omi, mà."

"Bọ̀ọ̀dá, ikùn mi náà ò mọ̀wé o," ni Délé fi ṣàwàdà.

Kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń padà bọ̀. Ẹ dìde, ẹ má wẹ̀yìn."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àwa ará òkè, odò Ẹ̀rìnlẹ̀ la mọ̀. Omi tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ ọmọ pé omi òkun máa ń fà, ó sì máa ń kún, ṣùgbọ́n orí pátákó ni mo fi í sí. Mo gba "rárá o, mà" gbọ́ torí pé ara mi kò mọ omi tó ń padà. A sáré tẹ̀ lé e, iyanrìn ń mu wá lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, omi ti yí ìdí àgbọn náà ká, ọ̀nà tí a gbà ti di òkun. Délé kò ṣàwàdà mọ́ títí a fi délé.

Ní òpin ilẹ̀, bàbá ọlọ́kọ̀ ti dé. Kúnlé dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"O ò ní bá wa lọ ni?"

"Ibí ni mo wà, mà. Ẹ bá mi kí màmá mi ní Ẹ̀rìn. Ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní mi ò tíì lè wá."

Bàbá gbé wa sínú ọkọ̀. "Ta ló mú yín kọjá?"

"Kúnlé ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ́ńjìnnì. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ má wẹ̀yìn mọ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í pé kí ló dé. Ṣe ló mú ọkọ̀ sáré sí i.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n nílé wa: bí wọ́n bá fi kíkí rán ọ, o kì í gbé e sùn. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sí Ẹ̀rìn. Mo rí ilẹ̀kùn náà. Mo kúnlẹ̀ kí màmá, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Kí n tó dìde, ìyá arúgbó náà ti kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ fojú yín rí i? Ó sanra?"

Mo ní, "Ara rẹ̀ dá, mà." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ó ní láti òjò èṣí ni ilé-iṣẹ́ ti sọ fún òun pé Kúnlé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò mọ ibi tó gbà. Gbogbo àdúgbò ní ọmọ òun ti ya ìyàkuyà. Ó sunkún, ó jó, ó sì di àádùn sínú láílọ́ọ̀nù fún mi pé kí n fi ránṣẹ́ sí i, òun ló fẹ́ràn jù.

Ní Mọ́ńdè mo gbé àádùn náà lọ bá mánìjà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kúnlé ò bá wa ṣiṣẹ́ mọ́, mà."

"Báwo lorúkọ rẹ̀ ṣe dé inú ìwé mi?"

"Ìwé àtijọ́ ni. Déètì nìkan la máa ń yí."

"Ta wá ni ìbá pàdé wa létí omi?"

Ó ní òun ní ìpàdé, ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló sáré bá mi lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ dákun mà, ẹ má dárúkọ mi. Omi ló gbé e. Abẹ́ àgbọn yẹn, aago méjì, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ó kó gbogbo wọn kúrò, ó wá padà lọ mú ẹnì kan tó kù. Ẹni yẹn yè é. Wọn ò rí òkú Kúnlé. Ọ̀gá ní ká má sọ ọ́."

Mo pe bàbá ọlọ́kọ̀ lórí fóònù. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ó dúró lẹ́yìn yín títí ọkọ̀ fi lọ."

Mo ti fagi lé ìrìn tiwa. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi ìwé ètò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Déètì tuntun. *Aago méjì: oúnjẹ lábẹ́ igi àgbọn. Afinimọ̀nà: Kúnlé.*

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fún nírú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ. Bí ẹ bá sì ti lọ, tí ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kí yín létí omi, ẹ wo àyà rẹ̀. Bó bá ní kẹ́ ẹ dìde, ẹ dìde.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ẹ mọ ara yín. Ta ló kọ aago méjì, ta ló sì ní kí wọ́n má yí i lẹ́yìn tí èèyàn ti kú sí i? Ọjọ́ mélòó lẹ fi wá a, ta lẹ rán? Ta ni nínú yín tó máa lọ sílé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé yẹn, tó máa kúnlẹ̀, tó máa la ẹnu rẹ̀? Àádùn náà wà nínú kíṣìnnì mi, mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò lè dà á nù. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màmá ń pè mí pé ṣé ó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú. Ẹ sọ ohun tí n ó wí fún un.