Ọkọ̀ Dé, Ọkọ Ò Dé

Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni Sùlíyá ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agége. Ọkọ rẹ̀, Làsísì, ń wa tírélà ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ọgbà, Lomé ló sì máa ń kó ọṣẹ lọ. Obìnrin yìí kò jowú ọ̀nà jíjìn. Ọbẹ̀ ló ń jowú. Nígbà tí Làsísì kọ́kọ́ ti Lomé dé, ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Àfí máa ń fi akàn sí i." Sùlíyá ò bi í léèrè ẹni tó ń jẹ́ Àfí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò ní rí akàn lọ́jà kí inú má bí i.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò mélòó kan, nígbà tí Làsísì tún lọ, Sùlíyá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i pé ọjọ́ mélòó ló máa lò. Èsì rẹ̀ dé: "Oko ko gbodo lo ju ojo meedogun lo nibi. Ofin ni."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìjọba tó lè sọ pé ọkọ kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nílẹ̀ àjèjì, ìjọba náà mọ ohun tó ń ṣe obìnrin. Ojoojúmọ́ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà kan sára ògiri.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó se ọbẹ̀, òun náà fi akàn sí i, ó gbé kúlà dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́. Tírélà wọlé. Mukhtar, tí òun àti Làsísì jọ ń wà á, ló sọ̀ kalẹ̀. Òun nìkan.

"Bàbá Quadri dà?"

"Ẹ káàsán, Ìyá Quadri. Wọ́n ní kí n máa wà á bọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀."

"Níbo?"

Mukhtar ń wo táyà. "Níbi tí a ti máa ń jẹun." Lẹ́yìn náà ó wo kúlà. Sùlíyá ò fún un.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò ọkọ̀ ló kọrí sí. Fúnkẹ́mi, akọ̀wé ibẹ̀, ń jẹ ẹ̀pà.

"Àǹtí, ọkọ mi ti rú òfin ìlú onílùú. Ẹ ní kí wọ́n mú un wá." Ó na fóònù sí i.

Fúnkẹ́mi kà á sókè. Lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ tún un kà."

"Ọkọ̀, mà. Tírélà ni wọ́n fún ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe ọkọ."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bó ṣe rí fún gbogbo wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, a ò nílò físà."

Sùlíyá jókòó. Ó ku márùndínlọ́gọ́rin. Gbogbo ìgbà tí Làsísì fi ń wálé lásìkò, tí òun ń fi yangàn fáwọn ará àdúgbò, tírélà ni òfin ń lé bọ̀. Ó kàn ń bá a wálé ni.

"Ẹ ní gbogbo wa. Èmi náà ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, mà. Ẹ ṣáà ti ní pásípọ́ọ̀tù."

"Ẹ bá mi kọ ohun tí mo máa kó lọ gba pásípọ́ọ̀tù."

Fúnkẹ́mi fa bébà kan yọ. "Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò níbẹ̀, mà?"

"Iye tó bá kù fún un."