Bébà Tí Ọ̀gá Gé

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀gá kì í ṣàṣìṣe, ẹ bá mi bi í bóyá ó kọ́ṣẹ́ rí. Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba ni Lydia kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìwó, lọ́dọ̀ Màmá Olútáyọ̀, aránṣọ àwọn Onítẹ̀bọmi. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá láti Ilé-Ogbó. Òmìnira ló ń dúró dè: lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá gbàdúrà fún un tó sì tú u sílẹ̀ ló tó lè gbé máṣíìnì tirẹ̀ kalẹ̀. Aránṣọ tí ọ̀gá kò tú sílẹ̀, ta ni yóò gbéṣẹ́ fún un?

Kí Lydia tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí ni Màmá ti kọ́ ọ ní òfin bébà. Àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń ṣe bébà tí wọ́n ń tẹ́ lé aṣọ kí wọ́n tó gé e. Bébà tó bá ti bá ara mu, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e mọ́. Bí àyípadà bá wà, kí o gbé e lé bébà tuntun, kí o fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀, kí o kọ ohun tí o yí padà àti ìdí rẹ̀ sí i lára, kí o sì fi àkísà dán an wò. Èyí àtijọ́ á wà lórí ìṣó, nítorí bí tuntun bá bàjẹ́, ibẹ̀ la ó padà sí. Òfin tó dára ni, Lydia kò sì rú u rí.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ó mú bébà ẹ̀wù akọrin lórí ìṣó, ó gé gbogbo ẹ̀wù náà bó ṣe máa ń gé e. Nígbà tí àwọn akọrin wọ̀ ọ́ wò, apá wọn kò wọlé. Lydia gbé bébà síta, ó rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé abẹ́ apá rẹ̀ wọlé ni. Abẹ́ àga Màmá ni ìgékù rẹ̀ wà. Kí Lydia tó gé aṣọ akọrin ni Màmá ti kánjú fi bébà náà rán ẹ̀wù fún Mercy, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, olórí akọrin, bi Màmá léèrè. Màmá ní ọmọ iṣẹ́ òde òní kò lójú. Lydia gbé bébà náà sókè.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ gé bébà náà,” ló wí. “Nítorí Mercy lẹ ṣe gé e.”

Kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ bébà. Ibi tí ọmọ ti rí ẹnu fèsì fún àgbà ni gbogbo wọn ń bèèrè. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Màmá ránṣẹ́ sí Ilé-Ogbó pé kí wọ́n wá kó ọmọ wọn. Ìyá Lydia dé, kò bèèrè nǹkan kan, ó kúnlẹ̀ láàárín ìgékù aṣọ. Obìnrin yìí ju Màmá lọ lọ́jọ́ orí, Màmá sì jókòó tó ń wò ó! Nígbà tó yá, Màmá ní òun ti dárí ji Lydia, ṣùgbọ́n yóò lo ọdún kan sí i kó tó gba òmìnira. Ẹ̀ṣẹ̀ tara rẹ̀ ló ń dárí ẹ̀ jin ẹlòmíràn.

Lydia sin ìyá rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbérò.

“Ìyá mi, èmi kọ́ ni mo gé e.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Nígbà tí mo kúnlẹ̀, mo wo ojú ọ̀gá rẹ. Òun náà mọ̀.”

Ọkọ̀ dé, ìyá rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ. Lydia padà lọ rán aṣọ fún ọ̀gá tó mọ ẹni tó gé bébà.