Bàlúùnù Tó Já Sí Oko Ushafa

Iṣẹ́ aránṣọ ni Wàsílátù kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló ń lẹ̀ pọ̀ ní Garki, l’Ábújá, lọ́dún 1987. Ọ̀gá rẹ̀, Ẹnjiníà Bámiṣayọ̀, ń wá bàlúùnù tó máa fúyẹ́ débi tí atẹ́gùn yóò lè gbé e dé etí aṣálẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa fi rédíò ròyìn bí ojú ọ̀run ṣe rí. Wàsílátù ló ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ ọ̀rá náà, á wá fi omi ọṣẹ pa á lára láti mọ̀ bóyá ó ń jò.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò pàtàkì wá wo iṣẹ́ wọn, ọṣẹ náà hó níbì kan.

“Ọ̀gá, ó ń jò.”

Bámiṣayọ̀ wo aago. “Ṣé ó pọ̀?”

“Kò pọ̀, sà. Àmọ́ kò ní pẹ́ lókè, gáàsì inú rẹ̀ sì ń tètè gbaná.”

“Jẹ́ ó lọ. Kó ṣáà ti kúrò lójú wọn.”

Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ Wàsílátù. Ká ní ó dá ọ̀rá náà lu ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ó gbé sísọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Bàlúùnù gòkè, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

Kò tó wákàtí mẹ́ta tí ìròyìn fi dé pé ó ti já sí oko kan ní abúlé Ushafa. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n bá Baba Tanko tó ni oko náà lábẹ́ igi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ó ń fi ìkòkò mu tábà nígbà tó fa ọ̀rá náà mọ́ra pé kóun fi bo èbù iṣu òun, ni iná bá sọ.

“Sànnu, Baba,” ni Wàsílátù wí lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá náà fi Haúsá bi í léèrè ohun tí nǹkan náà wà fún.

“Ká lè mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ ni.”

“Èmi mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni yóò bá mi kọ ebè?”

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ kejì, Bámiṣayọ̀ gbé ìwé kan síwájú Wàsílátù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó lẹ ọ̀rá kò yẹ̀ ẹ́ wò.

“Fọwọ́ sí i,” ló wí.

“Sà, mo sọ fún yín pé ó ń jò.”

“Mo mọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá lé mi, iṣẹ́ náà parí nìyẹn.”

Wàsílátù gba bírò. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé òun yẹ̀ ẹ́ wò, òun sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní kó lọ. Ó fi kún un pé òun náà ìbá lè dá a dúró, àmọ́ òun ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ní kí Wàsílátù máa lọ. Wọn ò lé Bámiṣayọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Wàsílátù ra ọkọ́, ó wọkọ̀ lọ Ushafa. Ó kí ìyàwó Baba Tanko, ìyẹn kàn nawọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ebè dé. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń lọ kọ ebè níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Ọwọ́ ọ̀tún Baba padà sàn, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì kò ṣeé nà mọ́.