Kafé Ahoyéyé

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà ọyẹ́. Àwa mẹ́ta la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Sakété: olùkọ́ ilé-ìwé tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mẹ́tìrì, akọ̀wé ìjọ tí ìyàwó mi ń lọ nígbà ayé rẹ̀, àti èmi. Òmìnira ilẹ̀ wa lọ́wọ́ àwọn Faransé kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí ìyàwó mi ti kú.

Ìwé kan wà níwájú mi lórí tábìlì. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Àwọn obìnrin ìjọ ló ní kí n kọ ọ́. Ojú ìwé kan péré, nípa ìgbésí ayé ìyàwó mi, kí akọ̀wé kà á lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìwé kíkọ. Wọn kò mọ̀ pé n kò tíì kọ ìlà kan tó dára láti ìgbà tó ti lọ.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jókòó bẹ́ẹ̀. Mẹ́tìrì ń fi èdè Faransé kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Akọ̀wé ń fi Yorùbá kọ ìtàn abúlé ìyá rẹ̀. Èmi ń kọ ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà sínú kàyé, ìwé àjákọ mi: ẹyẹ kan, obìnrin kan tó gbé igi ìdáná, bí òjò ṣe dúró lórí abúlé Aguidi tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tó bá di ọ̀rọ̀ ohun tí olúkúlùkù ń mu.

Mẹ́tìrì kì í fi nǹkan kan sínú kafé rẹ̀. Dúdú ló ń mu ún, nínú ife kékeré, á sì di ojú kó tó gbé e mì. Akọ̀wé kọ́ ìwé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìláròó, lódìkejì ààlà, tíì ló sì gbé bọ̀ láti ibẹ̀. Wàrà agolo tó ń dà sínú rẹ̀ máa ń pọ̀ débi pé tíì náà á dà bí omi ògi.

“Akọ̀wé,” ni Mẹ́tìrì wí lọ́jọ́ náà, “ta lọmọ ọwọ́ tí ẹ fẹ́ fún ní ògi yẹn?”

“Ẹni tó bá ń mu tiyín, ìbínú ni yóò máa fi kọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tẹ lẹ́tà yín jáde.”

“Àwọn tó ń mu tíì, oorun ni wọ́n ń sùn.”

“A ń sùn, a sì ń lá àlá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn, kí lẹ fẹ́ lá?”

Mẹ́tìrì rẹ́rìn-ín. Ó ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, ni kafé gbà dé ọ̀dọ̀ òun, àwọn tó ń kọ́ni ní Faransé ló sì gbé e wá pẹ̀lú gègé àti tàdáwà. Akọ̀wé ní tíì òun fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ààlà ni, kò sí aṣọ́bodè tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Mo rántí akọ̀wé ọ́fíìsì kan ní Pobè tó jẹ́ pé omi gbígbóná lásán ló máa ń mu tó bá fẹ́ kọ̀wé. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ní àwọ̀.

Kafé ni tèmi. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé bí n kò bá mu kafé, n kò lè kọ ọ̀rọ̀ kan. Mo fi ń yangàn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà tí mo lọ bá Mẹ́tìrì pé kó kọ́ mi ní ìwé. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mò ń ṣiṣẹ́ ní Pobè nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ. Iṣẹ́ mi ni láti máa so pátákó kékeré mọ́ ara ọ̀pẹ. Ẹlòmíràn ló ń kọ ohun tó wà lára pátákó náà. Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń so.

Nígbà tí Mẹ́tìrì bá ń kọ́ mi, ife kafé rẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Mo rò pé ara ìwé kíkọ ni. Èmi náà ra kafé ní ọjà Pobè. Mo mu ún, àyà mi ń lù bí ẹni tó sáré gun òkè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní bóyá bí ìwé ṣe ń wọ ara ẹni nìyẹn.

Ìyàwó mi kò mọ̀wé. Ojú àgbẹ̀ ló fi ń wo ohun tí mo bá kọ. Á gbé àtùpà sún mọ́ ọn, á wò ó títí. Tó bá dára, á ní, “Wọ́n dúró bí ebè.” Tí kò bá dára, á kàn gbé àtùpà kúrò.

Oṣù àkọ́kọ́, kò sọ pé ó dára rí. Lẹ́yìn oṣù náà, ó ní òun ni yóò máa po kafé fún mi, pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní èyí tó dára ní Ahoyéyé, abúlé wọn. Ó lọ, ó gbé agolo kan bọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́. Mo ní ara mi ti mọ́ ọn.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gbé ife aláwọ̀ ewé kan sí apá òsì mi, pẹ̀lú oyin díẹ̀. Á lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa já ẹ̀fọ́ tàbí kó máa wo ìta. Ooru inú ife á máa gòkè láàárín àwa méjèèjì. Ìgbà míràn, mo máa ń wò ó láàárín ooru náà, ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tó wà lábẹ́ omi. N kò bá a sọ̀rọ̀ tó. Mò ń kọ̀wé.

Nígbà tó kú, agolo tó fi sílẹ̀ kò pé oṣù méjì tó fi tán. Mo padà sí èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kò jọ tirẹ̀. Ọwọ́ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, Mẹ́tìrì bu nínú tirẹ̀ fún mi. “Ẹ gba èyí, Ẹ̀gbọ́n. Ojúlówó ni.” Mo mu ún. Mo kọ “Ìyàwó mi”, gègé sì ta tàdáwà káàkiri ìwé.

Akọ̀wé wò ó. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́.”

“Rárá.”

“Bí kò bá sí ìwé ní ọjọ́ Àìkú, orúkọ rẹ̀ nìkan ni n ó pè, pẹ̀lú tàwọn olóògbé yòókù.”

“Mo gbọ́.”

“Orúkọ nìkan, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì parí síbẹ̀.”

Mo ká ìwé tó bàjẹ́ náà. Mo ní, “Kafé Ahoyéyé ló bá mi lára mu. N ó lọ wá a lọ́la.”

“Ṣé kafé ń hù ní Ahoyéyé?” ni Mẹ́tìrì bi mí.

“Ó ń hù,” ni mo wí.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Pobè, mo sì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ọgbà ọ̀pẹ tí mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà. Àwọn ọ̀pẹ ń yọ síni lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń padà sínú funfun. Èmi nìkan ni mo wà lójú ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ó ń ṣe mí bíi pé kì í ṣe ọ̀nà Ahoyéyé ni mò ń gbà, bíi pé ilé kan tí a ti gbé rí ni mò ń lọ, àti pé ẹnì kan yóò ṣí ilẹ̀kùn tí n kò bá kánjú. Mo rọra ń gun kẹ̀kẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà nídìí ààrò. Àgbàlagbà ni, àgbẹ̀ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó fún mi lómi, ó béèrè àlàáfíà ilé. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

“Kafé wo, àna mi?”

“Èyí tí ẹ máa ń fún àbúrò yín.”

Ó wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di òpó ilé ìdáná mú. “Kafé kò sí lóko mi rí,” ni ó wí. “Àna mi, gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí, kò sọ fún yín?”

Ó na ọwọ́ sókè àjà, níbi tí èéfín ti ń gbà, ó já ilá gbígbẹ kan wálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fọ́ sínú igbá. Àwọn kóró kékeré dúdú náà ń ró bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gbé agbada kaná, ó da kóró ilá sí i, ó ń rò ó. Kò pẹ́ tí òórùn náà fi jáde.

Mo mọ òórùn náà. Mo wo ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀ pé mò ń wò ó. Kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀.

“Ó wá bá mi,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó ń rò ó lọ. “Ó ní kafé ń da ọkọ òun láàmú, pé kì í sùn. Ó ní ìlà ìwé yín ń ṣe bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ilá la máa ń yan báyìí tí ìyá wa bá ní ara ń ro òun. Mo ní kó gbé e lọ, kó sì sọ fún yín. Ó ní rárá.”

“Kí ló dé?”

“Ó ní inú yín ń dùn pé ohun tí Mẹ́tìrì ń mu ni ẹ̀yin náà ń mu. Ó ní kí n fi yín sílẹ̀.”

Ó gún un, ó pò ó, ó fi oyin díẹ̀ sí i láìbi mí léèrè. Mo mu ún. Mo ní kó yá mi ní àpótí ìjókòó. Mo gbé kàyé lé orúnkún, mo sì kọ̀wé láti ìgbà tí oòrùn wà lórí títí àwọn ewúrẹ́ fi ń wọlé. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. N kò lè sọ bóyá ilá ni, tàbí òórùn rẹ̀, tàbí pé mo ti wá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ sétí òun. Mo kà á. Ó fi etí ìró nu imú.

“Ẹ ó ka ti ilá yẹn níwájú Mẹ́tìrì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Á fi yín rẹ́rìn-ín títí ayé.”

“Ó lè rẹ́rìn-ín.”

Ó di kóró ilá sínú aṣọ fún mi. Ó ní kí n yan apá kan, kí n gbin apá kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo dìde ní kùtùkùtù, mo sì yan kóró ilá fúnra mi. Ti àkọ́kọ́ jóná. Ti èkejì dára. Mo gbé ife aláwọ̀ ewé sí apá òsì mi, mo da ìwé náà kọ sórí ìwé mìíràn tó mọ́. Nígbà tí mo parí, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, mo wò ó bí ìyàwó mi ṣe máa ń wò ó. Àwọn ìlà náà dúró.

Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ènìyàn jókòó sí àgbàlá. Mẹ́tìrì ti ti ìsìn tirẹ̀ dé, ó dúró lẹ́yìn pátápátá. Akọ̀wé wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n mú ìwé wá. N kò fún un. Mo dìde, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: “Ọdún mọ́kànlá ni ìyàwó mi fi fún mi ní ilá, tí mò ń pè é ní kafé.”

Mẹ́tìrì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé e, akọ̀wé fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, mo sì ń kà lọ.