Karahun Akàn Nínú Oko Ilá Dosi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bù mọ́ ọn: bí kì í bá ṣe ariwo ẹnu èmi Àṣàbí ni, igi àgbọn ni ì bá wà lórí ilẹ̀ Dosi lónìí.

Ìyàwó Zinsu, àbúrò ọkọ mi, ni Dosi. Agbo ilé kan náà la wà ní Apa, lẹ́bàá Àgbádárìgì, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí. Zinsu ń pa akàn, Dosi ń gbin ilá sétí ọ̀sà. Ó mọṣẹ́ ẹ̀, kì í sì ṣe ọ̀lẹ rárá, ṣùgbọ́n ọdún kejì rèé tí ilá ẹ̀ ń rọ kó tó so. Tó bá fà á tu, gbòǹgbò á ti wú kókó kókó bí ẹsẹ̀ tí eéwo bò. Bàbá Sagbo, bàbá àwọn ọkọ wa tó ni ilẹ̀ náà, wá ní, "Bí ilá yìí bá tún kú, àgbọn ni màá gbìn síbẹ̀." Dosi sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú.

Zinsu ní kòkòrò inú ilẹ̀ ló ń jẹ gbòǹgbò, ó fẹ́ ra oògùn ẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ìyàwó ẹ̀ yarí: "Òjò á gbé e lọ sínú ọ̀sà. Ohun tó pa kòkòrò ò ní dá akàn sí. Kí la fẹ́ máa jẹ?"

Akàn náà kẹ̀! Ẹ̀yìn yàrá mi ni wọ́n ń da karahun ẹ̀ sí. Òórùn yẹn, háà! Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo figbe ta: "Dosi! Ṣé imú mi ni ààtàn yín ni? Kó o kúrò, àbí kí n dà á sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹ!"

"Ẹ má bínú, ìyálé mi."

Kò ríbi kó o sí. Ó gún un wẹ́wẹ́, ó rì í mọ́nú ebè tí ilá ti kú, kí ajá má baà hú u. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò dé, ó gbin ilá lé e lórí, nítorí kò nílẹ̀ míì.

Ẹ wá wo ilá! Ó dúdú minimini, ó so bí ẹni ń jà.

Bàbá Sagbo dé, wọ́n gbé àgbọn tó ti hù há abẹ́ apá. Wọ́n fa ilá kan tu: gbòǹgbò funfun, kò sí kókó kan. Bàbá yíjú sí mi.

"Àṣàbí, gba àgbọn yìí. Lọ gbìn ín sẹ́yìn yàrá ẹ, níbi tó ń rùn yẹn. Dosi ló ni ilẹ̀ yìí báyìí."

Dosi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Àwọn ará Imeke, abúlé tó wà nítòsí wa, ti ń wá tọrọ karahun tí wọ́n á gún sínú ebè wọn báyìí. Àgbọn yẹn náà ti so, èmi nìkan ni mo sì ń mu omi ẹ̀.